Níbo lẹ fẹ́ kan èèkàn mọ́? Ìfiwéra SSC mode 1, 2 àti 3 fẹ́ni tó ń kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G

Ká ní ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ebute Metta, ẹ ń lọ sí Mọ́níyà n'Ìbàdàn, kìlómítà 157, ẹ wá pe màmá yín lórí WhatsApp bí ọkọ̀ ṣe ń ṣí. Kẹ́ ẹ tó dé Abẹ́òkúta fóònù yín á ti pààrọ̀ másìtì lọ́pọ̀ ìgbà, ohùn á máa já díẹ̀díẹ̀, màmá á ní "ẹ̀n? mi ò gbọ́ o", síbẹ̀ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà lójú ọ̀nà, ìpè yẹn ò ní kú. Ohun tí ò jẹ́ kó kú ni pé ewúrẹ́ ló ń rìn, èèkàn ò kúrò lójú kan. Fóònù yín ni ewúrẹ́, ádírẹ́ẹ̀sì IP tí wọ́n fún un ni okùn ọrùn ẹ̀, ibi tí wọ́n so ádírẹ́ẹ̀sì yẹn mọ́ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni èèkàn. WhatsApp ò mọ másìtì kankan rí láyé ẹ̀, èèkàn nìkan ló mọ̀.

Iṣẹ́ méjì làwọn èèyàn máa ń kó pọ̀ níbí o. Èkíní ni fífa fóònù láti ọwọ́ másìtì kan lé òmíì lọ́wọ́. Fóònù á máa wọn agbára àwọn másìtì àyíká ẹ̀, tí ti ẹ̀gbẹ́ bá ti fi iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kan ju ti eléyìí lọ tó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní kó sọdá. Nínú 4G, ohùn lè dákẹ́ fún bíi 50 ms lásìkò yẹn (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), etí yín lè má gbọ́ ọ pàápàá. Ẹ fi iye dẹ́síbẹ́ẹ̀lì yẹn sí kékeré jù, fóònù á máa lọ á máa bọ̀ bí ọmọ tí bàbá àtìyá ẹ̀ ò gbé pọ̀ mọ́. Ẹ fi sí ńlá jù, ìpè á já kó tó sọdá. Àwọn tó ń ṣe rédíò ló mọ iṣẹ́ yẹn, mo fi sílẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ kejì ni èèkàn, SSC mode (Session and Service Continuity) sì lorúkọ òfin tó ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i tí fóònù bá rìn, ibẹ̀ lẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, yunifásítì tàbí èbúté ti máa fọwọ́ ara yín yàn, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí àṣìṣe jù, torí àwọn kan rò pé mode 3 ló dáa jù torí pé 3 ju 1 lọ, bíi ká máa ka iPhone.

4G ní tiẹ̀, èèkàn kan ṣoṣo títí alẹ́

Ẹ jẹ́ ká tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ torí òun lọ̀pọ̀ wa ṣì ń lò. Release ni wọ́n ń pe ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ìwé ìlànà tí ẹgbẹ́ 3GPP ń gbé jáde, Release 8 lọ́dún 2008 ni wọ́n sì fi parí ìlànà 4G, ẹni mẹ́ta ló sì wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. MME ló ń mọ ibi tí fóònù wà. S-GW ló ń gba ẹrù lọ́wọ́ másìtì. P-GW ni èèkàn, òun ló ń fún fóònù ní ádírẹ́ẹ̀sì IP, ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà lẹrù ti ń bọ́ síta sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti másìtì dé ọ̀dọ̀ P-GW, wọ́n máa ń di pákẹ́ẹ̀tì yín, ìyẹn ẹrù dátà tí wọ́n gé kéékèèké, sínú àpò míì tí wọ́n ń pè ní GTP. Ìgbà tí fóònù bá rìn, ohun tí wọ́n kọ sára àpò ni wọ́n ń pààrọ̀, ẹrù inú ẹ̀ ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, mi ò lè bú u.

Wàhálà ẹ̀ ni jíjìn. Ká ní ẹ wà ní Kano, P-GW wà ní Lagos, fídíò tẹ́ ẹ fẹ́ wò sì wà lórí sáfà kan ní Kano níbẹ̀. Pákẹ́ẹ̀tì yín á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí Lagos, á bọ́ síta, á tún gòkè padà lọ sí Kano, èsì ẹ̀ náà á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé kejì, tó wá ní òun fẹ́ gba ọjà Bódìjà débẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ inú fáíbà ń sáré tó bíi 200,000 km láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí náà 1,000 km kọ̀ọ̀kan ń gba 5 ms. Lagos sí Kano ò kéré sí bíi 1,000 km lójú ọ̀nà, ẹ wá rìn ín lẹ́ẹ̀mẹrin, 20 ms ti lọ lásán, a ò tíì ka àkókò tí sáfà fi ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n gbìyànjú àtitún un ṣe nínú Release 10, wọ́n pè é ní SIPTO: nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já okùn fóònù, á ní kó yáa tún wọlé, kó lè bá P-GW tó súnmọ́ ọn pàdé. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí ọmọ ẹ̀ la máa bá pàdé ní mode 2.

Ohun tí 5G yí padà

Release 14 ló kọ́kọ́ ya ẹni tó ń pàṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ru ẹrù, Release 15 wá fìyẹn kọ́ ilé tuntun. AMF ń mọ ibi tí fóònù wà, SMF ń pàṣẹ, UPF ń ru ẹrù. SMF kan lè máa darí UPF púpọ̀, ẹ lè gbé UPF kan sí Lagos, ẹ gbé òmíì sí Kano, ẹ tún gbé òmíì sínú ilé iṣẹ́ yín gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ìgbà tí èèkàn ti lè pọ̀ báyìí, ìbéèrè wá dìde: tí ewúrẹ́ bá rìn jìnnà sí èèkàn tá a so ó mọ́, kí ni ká ṣe? Ìdáhùn mẹ́ta ni SSC mode 1, 2 àti 3.

Ẹ dúró ná o, kẹ́ ẹ tó náwó. Pé fóònù kọ 5G sókè kò túmọ̀ sí pé 5G ló wà nídìí ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kàn gbé rédíò 5G lé orí core 4G ni (core ni àárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, níbi tí èèkàn wà), NSA ni wọ́n ń pe ìyẹn, P-GW àtijọ́ náà ló ṣì ń dèèkàn, kò sí mode 2 tàbí 3 kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tajà fún yín, ẹ bi í tààrà pé ṣé SA ni, ìyẹn 5G tó ní core tiẹ̀. Tó bá ń kálòlò, ẹ ti gbọ́ èsì yín.

Kí n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ rí wọn:

Mode 1: ádírẹ́ẹ̀sì IP ò yí padà, UPF tó dèèkàn ò yí padà, ibi yòówù kí fóònù lọ. Ó ṣeé lò fún IP, fún Ethernet (ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), fún gbogbo ẹ̀.

Mode 2: já kó o tó so. Wọ́n á gé ti àtijọ́, wọ́n á ní kí fóònù ṣe tuntun kíá. Ádírẹ́ẹ̀sì tuntun, àlàfo wà láàárín.

Mode 3: so kó o tó já. Wọ́n á kan èèkàn tuntun kí wọ́n tó fa ti àtijọ́ tu, fóònù á ní okùn méjì lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀. Ádírẹ́ẹ̀sì náà á yí padà o, àmọ́ kò sí àlàfo. IP nìkan ló wà fún, kò sí fún Ethernet.

Mode 1, àgbà tí ò lariwo

Tẹ́ ẹ bá ń pè lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì 5G gangan, ìyẹn ìpè tí kì í ṣe ti WhatsApp, mode 1 ló gbé e dúró, torí fóònù ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ètò ìpè pẹ̀lú ádírẹ́ẹ̀sì kan, tíyẹn bá yí padà lójijì, á tún di kó lọ forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun nígbà tẹ́nì kan ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹ̀rọ POS tí wọ́n ti kọ ádírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ sínú firewall báńkì, ìyẹn aṣọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn, mode 1. VPN ọ́fíìsì tó ti pẹ́, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tẹ́ ẹ fi ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, mode 1. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí Ethernet, mode 1, ẹ má wulẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àléébù ẹ̀ la ti sọ lẹ́ẹ̀kan, okùn lè gùn jù. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò dáadáa, torí ibí làwọn èèyàn ti máa ń pariwo ju bó ṣe rí lọ. Ká padà sínú ọkọ̀ ojú irin wa. Fóònù kan èèkàn mọ́ Lagos, ó ti dé Ìbàdàn, 157 km, lálọ àtàbọ̀ kò ju bíi 1.6 ms lọ lórí fáíbà. Rédíò 4G nìkan lè jẹ 20 ms tàbí jù bẹ́ẹ̀, ta ló fẹ́ mọ̀ pé 1.6 wà níbẹ̀? Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ra UPF Ìbàdàn torí ìyẹn nìkan, ọjà ẹ̀ ló fẹ́ tà. Tó bá jẹ́ Lagos sí Kano ló ń sọ, tàbí tẹ́ ẹ ní sáfà n'Ìbàdàn tí gbogbo yunifásítì ń lò lójoojúmọ́ tẹ́ ò fẹ́ kí ẹrù ẹ̀ máa jẹ ọ̀nà Lagos lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn.

Mode 2, ẹ lò ó níbi tí kò ti dun ẹnikẹ́ni

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ̀rọ tó ń ka mítà omi tó sì ń ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí kan, kí ló kàn án tí okùn bá já láàárín? Ẹni tó ń ka ìròyìn lórí bráwúsà, bó bá já, á tún pè é. Ó rọrùn fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò gba mẹ́mórì púpọ̀.

Ẹ má wá ṣe bíi ti ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n fi mode 2 sórí kámẹ́rà tó wà lára ọkọ̀ akẹ́rù inú ọgbà. UPF méjì ni wọ́n ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilé ìkẹ́rù kọ̀ọ̀kan, tí ọkọ̀ bá ti kọjá láti ilé kan sí èkejì, àwòrán á dúdú, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń fẹ̀sùn kan ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì pé òun ló ń yọ wáyà. Ó kàn ń wò wá ni, bàbá àgbàlagbà. Ìgbà tá a yí i sí mode 1 ni kámẹ́rà fara balẹ̀, kò sì sẹ́ni tó padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀ tí mo mọ̀.

Mode 3, tó dùn lẹ́nu

Lórí ìwé, òun ló rẹwà jù. SMF á rí i pé ewúrẹ́ ti jìnnà, á sọ fún fóònù pé "okùn tó wà lọ́rùn ẹ ò ní pẹ́ mọ́, iye àkókò tó kù rèé, lọ gba òmíì". Fóònù á gba ádírẹ́ẹ̀sì tuntun lọ́dọ̀ UPF tó súnmọ́ ọn, ohun tuntun á máa gba okùn tuntun, ohun àtijọ́ á parí iṣẹ́ ẹ̀ lórí okùn àtijọ́, tí àkókò bá pé wọ́n á gé e. Tó bá jẹ́ IPv6, ẹ̀yà ádírẹ́ẹ̀sì IP tuntun, wọ́n lè so okùn méjèèjì mọ́ sẹ́ṣọ̀n kan náà.

Ó dáa. Àmọ́ ta ló máa sọ fún ápù pé ilẹ̀ ti yí? Ádírẹ́ẹ̀sì ti yí padà, TCP, ọ̀nà tí ápù fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ láti ilé ayé àtijọ́, fi ádírẹ́ẹ̀sì dá ara ẹ̀ mọ̀, tíyẹn bá yí padà ó ti kú nìyẹn. Ohun tó lè yè é ni ápù tó ń lo QUIC, tí wọ́n tẹ ìlànà ẹ̀ jáde lọ́dún 2021 nínú RFC 9000: ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tiẹ̀ tí kò so mọ́ ádírẹ́ẹ̀sì, bí ẹni tó kó kúrò nílé àmọ́ tí nọ́ńbà fóònù ẹ̀ ò yí padà. MPTCP, ìyẹn TCP tó lè gba ọ̀nà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lè ṣe é pẹ̀lú, Apple ti ń fi Siri lò ó láti iOS 7 lọ́dún 2013. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ro mode 3, ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ ápù yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ọ̀dọ̀ ẹni tó ta fóònù tàbí modem fún yín, torí mode tí modem ò bá mọ̀, SMF ò lè fipá kọ́ ọ.

Ohun kejì tí èèyàn máa ń gbàgbé: ẹ ti kó èèkàn lọ sí Kano, ṣé koríko wà níbẹ̀? Tí sáfà bá ṣì wà ní Lagos, òfo ni gbogbo wàhálà yẹn. Kódà tí sáfà bá wà ní Kano, fóònù lè ṣì di ádírẹ́ẹ̀sì sáfà Lagos tí DNS (ẹni tó ń túmọ̀ orúkọ sáfà sí ádírẹ́ẹ̀sì) ti fún un tẹ́lẹ̀ mú, á wá máa ti Kano pe Lagos. Release 17 ló jókòó ti ọ̀rọ̀ DNS yìí, tẹ́ ò bá ní in, ẹ jẹ́ kí èsì DNS má pẹ́ nínú mẹ́mórì fóònù.

Ọ̀nà ẹ̀bùrú tó wà láàárín, òun lèmi fẹ́ràn

Ẹ lè lo mode 1 kẹ́ ẹ tún gbé UPF míì sójú ọ̀nà tó ń yẹ ẹrù wò. ULCL ni wọ́n ń pè é. Èèkàn ò kúrò ní Lagos, ádírẹ́ẹ̀sì ò yí padà, àmọ́ UPF àárín yìí á máa wo pákẹ́ẹ̀tì tó ń jáde: èyí tó ń lọ sí sáfà inú ọgbà yìí, yà síbí, ìyókù, máa lọ Lagos. Fóònù ò mọ̀ rárá pé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí náà kò sí ìbéèrè pé ṣé modem mọ̀ ọ́n àbí kò mọ̀ ọ́n, kò sí ápù tó máa ké. Ó ṣiṣẹ́ fún IPv4, IPv6 àti Ethernet. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú free5GC, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ lè dán an wò lórí laptop kẹ́ ẹ tó sanwó fẹ́nikẹ́ni.

Ohun tó ń ni èèyàn lára níbẹ̀ ni òfin yíyẹ ẹrù wò. Ẹnì kan ní láti máa kọ ọ́, máa tún un kọ, bí sáfà bá pààrọ̀ ádírẹ́ẹ̀sì tẹ́nì kan gbàgbé, ẹrù á tún gba Lagos lọ kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ títí bíìlì á fi dé.

Tí wọ́n bá ní kí n yàn fún yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ńlá lónìí: mode 1 pẹ̀lú ULCL. Fún ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ẹ̀ kì í jáde nínú ọgbà: mode 1 pẹ̀lú UPF kan nínú ọgbà, ká sùn. Mode 3, ó di ìgbà tí ọkọ̀ tàbí dírónù bá ń rin ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún kìlómítà, tí sáfà wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ kọ ápù. Kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ mú ẹyọ kan o, òfin URSP tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń kọ sínú fóònù lè sọ pé ìpè lo mode 1, mítà lo mode 2, lórí síìmù kan náà.

Tẹ́ ẹ bá wà lókè òkun ńkọ́?

Ẹ̀yin ará London àti Houston tẹ́ ẹ ń gbé síìmù Nàìjíríà kiri, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ìlànà tó wọ́pọ̀ jù ni pé tẹ́ ẹ bá ti ń lo síìmù ilé lókè òkun, èèkàn yín ṣì wà nílé. Ẹ wà ní Peckham ní London, ẹ ṣí wẹ́bùsáìtì kan tó wà ní London, pákẹ́ẹ̀tì yín ń lọ Lagos kó tó padà sí London, èsì á tún gba Lagos kó tó bá yín. Lagos sí London jẹ́ bíi 5,000 km tẹ́ ẹ bá fò ó tààrà, ẹ̀ẹ̀mẹrin, 100 ms ni ó kéré tán, okùn abẹ́ òkun ò sì rìn tààrà. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹta 2024 tí àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne bà jẹ́ nítòsí Côte d'Ivoire, ẹni tí èèkàn ẹ̀ wà ní Lagos lè jẹ nínú ìyà ọ̀hún bó tiẹ̀ jókòó sí Peckham.

Àǹfààní ẹ̀ ni pé ápù báńkì yín á rí ádírẹ́ẹ̀sì Nàìjíríà, kò ní máa fura sí yín, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé náà sì ń rí iye dátà tẹ́ ẹ ń jẹ kí gbèsè tó gorí ara. Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n kan èèkàn níbi tẹ́ ẹ dé sí, ó yára, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ò ní rí ẹrù yẹn fúnra ẹ̀, ohun tí àwọn tẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ wọn bá kọ ránṣẹ́ ló máa gbà, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ò fi fẹ́ ẹ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni eSIM arìnrìn-àjò, tó máa ń kan èèkàn mọ́ orílẹ̀-èdè kẹta nígbà míì, ẹ̀ ń rìn ní London, íntánẹ́ẹ̀tì ń rò pé ibòmíì pátápátá lẹ wà.

Ẹni tó ń gbé nítòsí Ṣèmè tàbí Ìdìrókò mọ díẹ̀ nínú eléyìí láìwọ bàálù, fóònù á ṣàdédé kí i káàbọ̀ sí orílẹ̀-èdè Benin nígbà tó ṣì jókòó síwájú ilé ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n kan èèkàn tiyín mọ́, ẹ pa Wi-Fi, ẹ wá ádírẹ́ẹ̀sì IP yín lórí wẹ́bùsáìtì èyíkéyìí tó ń sọ ọ́, ẹ wo orílẹ̀-èdè tó bá kọ. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe ping (ìyẹn kẹ́ ẹ fi pákẹ́ẹ̀tì kékeré kan ránṣẹ́ kẹ́ ẹ wo bí èsì ṣe pẹ́ tó) sí sáfà kan tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó wà nílùú tẹ́ ẹ wà. Tó bá ju 100 ms lọ tó sì jẹ́ pé àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín kún dáadáa, okùn yẹn gùn.